Ardith àti Ilé Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù

Ọdún tí mo kọ́kọ́ pàdé Ardith, orí àga kékeré kan ló jókòó sí láàárín aṣálẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán tapólì tó ya. Atẹ́gùn ń gbá irun funfun rẹ̀ bò ó lójú, kò sì ráyè tì í kúrò. Delmar ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe gún un.

“Má fà á le jù,” ni Delmar wí. “Tó o bá fà á le jù, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló tún máa ya.”

“Ṣé kí n gbé abẹ́rẹ́ náà fún ọ?”

“O mọ̀ pé ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

“Ẹnu ẹ nìkan ló wá ń ríran.”

Mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Bí a ṣe mọra nìyẹn. Nedra ni orúkọ tèmi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń wá lo ìgbà òtútù ní aṣálẹ̀ Arizona, lẹ́bàá Quartzsite, níbi tí àwọn arúgbó bíi tiwa máa ń kó ilé alágbèéká wọn wá bí ẹyẹ tó ń sá fún yìnyín. Ardith fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Delmar fi wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín kúrò lójú títì ní Dakota Àríwá. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò fẹ́ fojú òun rí yìnyín mọ́ títí òun yóò fi kú. Ardith kò fẹ́ lọ síbì kankan. Ó ní ọgbà ọ̀dùnkún, ó ní àwọn obìnrin tí wọ́n jọ máa ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní fèrèsé kan nílé ìdáná tó dojú kọ ìlà oòrùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Níkẹyìn ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan.

“Ọjọ́ tí omi bá kán sí mi lára nínú ilé alágbèéká tó o fẹ́ rà yẹn,” ó ní, “ọjọ́ yẹn la máa padà sílé. Mi ò ní dàgbà tán kí n tún wá máa sùn nínú omi.”

Delmar gbà.

Ilé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Virgil àbúrò Ardith ló ni ín. Ilé kékeré ni, inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ló ń jókòó sí, tí apá kan rẹ̀ yọ síwájú lórí orí awakọ̀. Ibi tó yọ síwájú yẹn ni ibùsùn. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, òrùlé rẹ̀ á dẹ̀ sílẹ̀ bí ìdérí àpótí. Bí ẹ bá dúró, ẹ ó tẹ orí ba wọlé, ẹ ó fi ẹ̀yìn ti òrùlé náà sókè, tapólì tó wà láyìíká á sì nà di ògiri. Delmar lọ lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ Virgil. Ó ní òun fẹ́ bá a tún ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga ṣe. Ìgbà tó padà dé, ilé náà wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó funfun, ó ń dán bí àwo tuntun.

Ardith yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tún pa á dé. “Ọmọ ìyá mi ò ní ta ilé tó ń jò fún mi,” ó ní, ó sì wọlé lọ di ẹrù.

Lẹ́yìn ìgbà òtútù àkọ́kọ́, wọ́n ta ilé wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn nígbà tó sọ ọ́ fún mi, nítorí Ardith ló dábàá rẹ̀. Ó ní òun ti wá fẹ́ràn ìgbé ayé náà. Ẹni méjì ò lè dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé ọ̀hún. Bí ọ̀kan bá ń dín pankéèkì, ìkejì á gun orí ibùsùn, á ká ẹsẹ̀ kò. Èémí wọn á kóra jọ sí àjà lóru, á di ìrì, àárọ̀ ni wọ́n á fi aṣọ nù ún. Síbẹ̀ ó máa ń sọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, òun kò tíì gbọ́ ohùn Delmar tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Dakota, bó bá ti orí yìnyín dé, á jẹun, á sùn.

Delmar sì mọ ilé náà tọ́jú. Gbogbo oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó gbéra, á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò ní gbogbo oríkèé òrùlé, á fi tuntun sí i. Á fi ọṣẹ olómi pa ẹnu páìpù gáàsì bóyá yóò hó, nítorí ibi tó bá ti ń hó ni gáàsì ti ń yọ. Á da òróró sí jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ń gbé ilé náà sókè. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló so ilé náà mọ́ ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró ra epo ló máa ń fọwọ́ mì wọ́n. Kò jẹ́ kí Ardith fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Tapólì rírán nìkan ló fi sílẹ̀ fún un.

Ìgbà òtútù kẹta ni òjò ńlá rọ̀ sí aṣálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọ̀. Ilẹ̀ wa kì í gba omi, ńṣe ló ń ṣàn bí ẹni tó ń sá. Ní ọjọ́ kẹrin, oòrùn yọ, Ardith sì pè mí.

“Nedra, wá gbóòórùn nǹkan yìí fún mi.”

Mo gun orí ibùsùn wọn, mo fi imú sí igun iwájú. Ó ń rùn bí abẹ́ koríko tó ti jẹrà. Ardith fi ìka tẹ ògiri níbẹ̀, ìka náà wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó wo ìka rẹ̀ pẹ́. Ó wá bọ́ sílẹ̀, ó lọ mú sukuru-dáfà nínú àpótí Delmar, ó sì fi tú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo igun náà.

Pákó tuntun ni wọ́n kàn mọ́ orí pákó tó ti jẹrà. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Inú ihò tó wà láàárín méjèèjì, ìwé ìròyìn ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Ardith fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú Virgil ni, ọ̀sẹ̀ tí Delmar lọ gbé ilé náà wá ni déètì orí rẹ̀.

Delmar tẹ orí ba wọlé. Ó rí pákó, ó sì rí ìwé ìròyìn.

“Virgil mọ̀,” ni Ardith wí. “Ó mọ̀, ó kùn ún lọ́dà, ó tà á fún mi.”

“Fi sílẹ̀, Ardith. Màá tún un ṣe.”

“Kí n fi kí ni sílẹ̀?”

Ó mú fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa níbẹ̀, nítorí náà orí tábìlì ló gbé e sí, ó jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ síta. Mo dìde kí n máa lọ, ó fọwọ́ dá mi dúró. Delmar jókòó lórí àpótí omi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Virgil, igun iwájú ilé yìí ti jẹrà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Mo ti rí ìwé ìròyìn tó o kì bọ̀ ọ́.”

“Ṣé Delmar wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbí, ó ń gbọ́ ọ.”

“Kí ló wí?”

“Kí ló fẹ́ wí? Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ta ilé mi, Virgil. Mo ta ilé mi nítorí mo rò pé nǹkan tó ti ọwọ́ ọmọ ìyá mi wá ò lè ya mọ́ mi lórí. Ṣé o mọ̀ pé ó ti jẹrà àbí o ò mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“O ò wá lè sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ohun tí mo lè sọ.”

“Sọ pé o jẹ̀bi.”

“Ó dáa. Mo jẹ̀bi.”

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, kì bá tí burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gún Ardith lọ́kàn, àìjiyàn Virgil ló tún wá dá kún un. Virgil ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Corliss. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Corliss kò ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ọtí tí Virgil ń mu nígbà kan. Ó ti fi ọtí sílẹ̀, ọmọ náà kò gbà á gbọ́. Ardith nìkan ni Virgil máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún, pẹ̀lú omijé.

“Abájọ,” ni Ardith wí. “Abájọ tí Corliss ò fi jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ mọ̀ ọ́. Ó ti rí ohun tí mi ò rí. Ẹlẹ́tàn ni ọ́, o ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ọtí kọ́.”

A gbọ́ tó ń mí nínú fóònù. Lẹ́yìn náà ó pa á.

Delmar dìde. Ó gbá orí mọ́ àjà, kò tilẹ̀ dà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lára. Ó jáde lọ síta, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, apá ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sùn. Ó tú ògiri iwájú, ó gé igi tó jẹrà kúrò, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Inú àgọ́ kékeré ni àwọn méjèèjì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ardith ní kí òun ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀. Mo ní kí n lọ pe ọkùnrin káfíńtà kan tó pàgọ́ ní ìsàlẹ̀ wa, ó kọ̀.

“Iṣẹ́ mi ni,” ó ní.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ní ọ̀sán gangan, ó wà lórí àkàbà, ó ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹnu òrùlé. Atẹ́gùn gbá tapólì, tapólì gbá a láyà. Mo rí i bó ṣe ṣubú. Kò ké. Orí òkúta ló fi ìbàdí sọ, ìbàdí náà sì ṣẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nílé ìwòsàn kan ní ìlú Yuma. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan níbẹ̀, torí pé àtẹ̀gùn ilé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ga tó ìbàdí ènìyàn, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àga onítáyà ni wọ́n fi ń tì í kiri.

Ardith padà wá sí aṣálẹ̀. Mo ní kó wá bá mi gbé nínú tèmi, ó wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò.

“Mo ní ilé,” ó ní. “Àbọ̀ ló kù kó tó. Wá, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú.”

Èmi àti ọkùnrin káfíńtà yẹn la kọ́ ọ. Ó gé pákó mẹ́ta bà jẹ́ kí ó tó gé ọ̀kan tó tọ́. Ó fi sanpépà yún un títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀ Virgil. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, á ní, “Mo ti sọ tèmi.”

Ọwọ́ òsì nìkan ló kù, apá ibi tí Ardith ń sùn. Pákó kan wà níbẹ̀ tí a ò tíì tú. Èmi ni mo dì í mú nígbà tó ń tú sukúrù rẹ̀. Ó wúwo. Ìgbà tó bọ́, a rí i pé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ardith dojú rẹ̀ dé kó lè ha gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó wá dáwọ́ dúró.

Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́yìn pákó náà. Nọ́ńbà ìwọ̀n ni, méje mẹ́ta ló wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà kékeré tó dábùú àárín rẹ̀. Bàbá bàbá Delmar, tó ti Norway wá, ló kọ́ ọ láti máa kọ méje bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, Delmar kọ ọ́ pé: Apá Ardith, ìlọ́po méjì.

Mo kà á tán kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Ardith jókòó sórí ilẹ̀, pákó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́rin,” ó ní. “Ó ní ẹ̀rọ kànga ni òun ń bá Virgil tún ṣe.”

Mo lọ se kọfí. Ìgbà tí mo gbé e dé, ó ti gbé pákó náà sínú ọkọ̀ mi, ó sì ti jókòó síwájú.

Wákàtí kan àti díẹ̀ ni Yuma. Delmar wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó dà bí ọmọdé. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ardith gbé pákó náà lé e lórí itan.

Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò ra orí ohun tó fi pẹ́ńsù kọ náà bí ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́.

“Mo fẹ́ tú ibẹ̀ yẹn fúnra mi,” ni ó wí níkẹyìn. “Ìyẹn ni mi ò fi jẹ́ kó o ràn mí lọ́wọ́.”

“Ta ló kì ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́?”

“Èmi ni. Ojú ẹsẹ̀ ni Virgil ti sọ fún mi pé ó ti jẹrà. Ó ní òun ò lè tà á fún ọ. Ó ní kí n lọ wá òmíràn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.”

“Kí ló dé?”

“Kò sí òmíràn tí agbára wa ká. Bí mo bá sì sọ fún ọ, o ò ní wá.” Ó gbé ojú sókè. “Mi ò lè lo ìgbà òtútù kan sí i níbẹ̀ yẹn, Ardith. Ǹ bá kú. Mo rò pé mo lè máa dí i lọ́dọọdún, kó má bàa kàn ọ́ lára. Mo fi méjì sí ọ̀dọ̀ ẹ.”

“O jókòó síbẹ̀,” ni Ardith wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. “O jókòó sórí àpótí omi. O gbọ́ nígbà tí mo ń bú ọmọ ìyá mi. O gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Corliss.”

“Mo ní kó o fi sílẹ̀.”

“O ò ní pé ìwọ ni.”

“Ojú tì mí. Mo rò pé tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì máa parí ẹ̀. Ọmọ ìyá lẹ ń ṣe.”

Ardith gbé pákó rẹ̀. Ó kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì jáde.

Inú ọkọ̀ mi, níwájú ilé ìtọ́jú náà, ló ti pe Virgil. Ìgbà kẹta ló tó gbé e. Ardith sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní òun tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀rọ̀ Corliss yẹn, ẹnu òun ló sọ ọ́, kò ti inú òun wá.

“Inú yín ló ti wá,” ni Virgil wí. Kò bínú, bí ẹni tó rẹ̀ ni. “Ẹ ti rò ó tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé inú á bí yín sí mi lórí pákó, mo sì ti gbà pé kó bí yín, torí Delmar. Ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún, ẹ̀gbọ́n.”

“Virgil, jọ̀ọ́.”

“Mo ti gbọ́. Ẹ kí Delmar. Ẹ má pè mí fún ìgbà díẹ̀.”

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nìyí. Ardith kọ lẹ́tà méjì, kò rí èsì. Ní Kérésìmesì, ó yan búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, irú èyí tí ìyá wọn máa ń yan, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà láìtú.

Ó parí ilé náà. Kò lo pákó tí Delmar kọ nǹkan sí. Ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a fi dáná sun ẹran jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Òjò ńlá méjì ti rọ̀ láti ìgbà náà, ìkán kan kò wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀yìn ti òrùlé sókè báyìí, ó máa ń kérora bó ṣe ń nà ró, ṣùgbọ́n òrùlé á lọ. Òun ló ń fi ọṣẹ wo páìpù gáàsì, òun ló ń mi ẹ̀wọ̀n.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń lọ kí Delmar. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n á ta káàdì díẹ̀. Kò dárí jì í, kò sì pa á tì. Níbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù tó kọjá, obìnrin tí ń kọ́ Delmar ní ìrìn sọ fún Ardith pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le ju bí àwọn ti rò lọ, pé bó bá rí àtẹ̀gùn tí kò ga, tó ní ibi tí yóò dì mú, ó lè padà sílé. Ardith dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé aṣálẹ̀, ó ra pákó, ó sì kan àtẹ̀gùn náà: ó fẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó ní igi dídìmú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èmi ni mo bá a wọn ọ́n. Mo gun ún, ó dúró digbí. Iṣẹ́ tó dára ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo bá a lọ sí Yuma. Delmar béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti máa ń béèrè.

“Ìgbà wo lo máa wá mú mi lọ sílé?”

“Ẹsẹ̀ ẹ ò tíì le,” ni Ardith wí, ó sì pín káàdì.

Mo wojú rẹ̀, kò wojú mi. Lọ́nà, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún un. Ó ní kí n jẹ́ kó ṣe díẹ̀ ná. Mo bi í pé díẹ̀ báwo.

“Mi ò mọ̀, Nedra,” ó ní. “Má bi mí mọ́.”

Ìyẹn ti tó oṣù méje. Àtẹ̀gùn náà wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi tapólì bò ó kí oòrùn má bàa là á.